Ta Ni Yóò Bọ́ Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́?

Bí lẹ́tà bá dé láti Paris tàbí Geneva pé wọ́n ti gba ọmọ kan fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ohun tó fẹ́ lọ kọ́ ni ìyá rẹ̀ ní Kubwa máa kọ́kọ́ bèèrè. Ìyá á ní, "Èló ni wọ́n á máa san fún ẹ lóṣù?" Ọmọ á wolẹ̀. "Wọn ò ní san nǹkan kan, mà. Èmi ni mo máa sanwó ọkọ̀ òfurufú, èmi ni mo máa wá ilé, èmi náà ni mo máa bọ́ ara mi." Ìyá á dákẹ́, á tún ìró ró, á wá bèèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: "Ṣé kì í ṣe àwọn gbájúẹ̀ nìyẹn?"

Wọn kì í ṣe gbájúẹ̀. UNESCO ni, òfin ibẹ̀ sì ni pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í gbowó. Àwọn ọ́fíìsì àgbà Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní New York àti Geneva náà kì í san. Wọ́n ń kọ ọ́ gbangba sínú ìkéde wọn pé ọkọ̀, ilé, oúnjẹ àti físà, ọrùn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà, àfi bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí ẹlòmíì bá bá a gbé e. Ibi "bá a gbé e" yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn kan ní ẹni tó ń bá wọn gbé e. Ọmọ Abuja tó ń kàwé lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ lágbàáyé, ta ló ń bá òun gbé e?

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í gbowó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn òbí rẹ̀ ló tilẹ̀ máa ń gbé owó ìkọ́ṣẹ́ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀gá ló ń sùn, tàbí kó máa ti ilé bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá ìyàwó ọ̀gá gbọ́mọ, wọ́n ń rán an níṣẹ́ tí kò bá iṣẹ́ tan rárá. Síbẹ̀, ebi kì í pa á. Bó bá sì parí, wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù fún un, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, wọ́n á ya fọ́tò. Ọ̀gá tó ní kí ọmọ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, kó sì lọ háyà yàrá fúnra rẹ̀ ní ọ̀kan lára ìlú tó wọ́n jù láyé, Yorùbá kò tíì fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Ìyà náà kò yọ ọmọ òyìnbó sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, David Hyde, ọmọ ọdún 22 láti New Zealand, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní Geneva, ń sùn sínú àgọ́ kékeré kan lẹ́bàá adágún odò ìlú náà. Àwọn oníròyìn gbé e, fọ́tò rẹ̀ yí ayé ká, àwọn ará Geneva ń fi yàrá lọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo máa ń rò ó wò pé ká ní ọmọ Nàìjíríà ló pàgọ́ síbẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́pàá ni ìbá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kì í ṣe oníròyìn.

Àwọn kan ti tún ìwà ṣe láti ìgbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lówó ní 2020. UNICEF ń fún wọn ní nǹkan, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, náà ń fún wọn, Báńkì Àgbáyé ní Washington sì ń ṣírò wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe, ó ń san án. UNESCO tí orúkọ ẹ̀kọ́ wà nínú orúkọ rẹ̀ ni kò ní kọ́bọ̀ fún ọmọ tó wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká wá ṣírò rẹ̀ ní náírà. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ lóṣù yẹn. Nígbà tí 2024 fi máa parí, dọ́là ti kọjá 1,500. Àláwìí kọ́pà, tó wà ní 33,000 náírà fún ọ̀pọ̀ ọdún, di 77,000 ní 2025, ìyẹn nǹkan bí àádọ́ta dọ́là. Físà Schengen tí wọ́n fi ń wọ Paris àti Geneva jẹ́ 90 yúrò láti oṣù Kẹfà 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fún èèyàn ní físà. Kọ́pà Abuja tó bá fẹ́ dán an wò máa fi àláwìí bí oṣù méjì ra ìdáhùn, ìdáhùn náà sì lè jẹ́ "rárá." Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Olùkọ́ tó bá ń gba iye yẹn, kó kó ti ọdún kan gbáko jọ láìjẹ láìmu, kò lè fi háyà yàrá kan ní Geneva fún oṣù méjì.

Ẹni tó ń kàwé ní Philadelphia ní ìṣòro tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló fi gbèsè kàwé; n ò ní fojú tẹ́ḿbẹ́lú ìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà ti là fún un. Ní Yunifásítì Pennsylvania, ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ lágbàáyé. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń bá wọn wá ọ́fíìsì tí wọ́n máa lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n wọn mọ ẹnìkan ní Paris, ẹni yẹn mọ ẹnìkan ní Dakar. Nílé wa, àwa náà ní ètò tiwa. Láti 1973 ni SIWES ti wà, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní IT, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gowon dá ìsìnrú ìlú NYSC sílẹ̀. Méjèèjì kò kọjá ibodè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì ní Gwagwalada tàbí Ìbàdàn, tó fẹ́ lọ sí òkèèrè lọ kọ́ṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Bẹ́ẹ̀ ìlú tó ń gbé wà lára ibi tí àwọn yòókù ń wá. Abuja ni ọjà iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. UNICEF àti UNESCO wà ní UN House ní Central Area. UBEC tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ wà ní Wuse Zone 4, ECOWAS wà ní Asokoro, NERDC tó ń kọ kọ́ríkúlọ́ọ̀mù wà ní Sheda lọ́nà Lokoja. Ẹni tó bá ń kọjá níwájú UN House rí géètì irin àti àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì mọ ìdí rẹ̀: ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, Boko Haram wa mọ́tò tó kún fún bọ́ǹbù wọ inú ilé náà, èèyàn tó lé ní ogún kú. Láti ìgbà náà, kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó dé orí àga, ó ti gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá. Ọmọ tó wọkọ̀ láti Nyanya ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti èyí tí awakọ̀ ọ́fíìsì gbé wá láti Maitama, á jọ dúró lórí ìlà kan náà.

Kí ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá wọlé? Ní Abuja o, ní Paris o, iṣẹ́ náà jọra. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n sọ nípàdé sílẹ̀. Wọ́n ń ka ìròyìn olójú ewé igba, wọ́n á sọ ọ́ di ojú ewé méjì kí ọ̀gá lè rí i kà nínú bàálù. Wọ́n ń to nọ́ńbà àwọn ọmọ tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ sínú tábìlì. Mílíọ̀nù mẹ́wàá àti ààbọ̀ ni UNICEF máa ń sọ fún Nàìjíríà, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́rìnlá, UNESCO sì sọ ọ́ di ogún mílíọ̀nù ní 2022 nígbà tó ka àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń tẹ káàdì orúkọ tí àwọn àlejò máa fi kọ́rùn. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn fi oṣù mẹ́ta ṣe gbogbo èyí, kó parí, kó gbàwé ẹ̀rí, láìfi ojú kan ọmọ kan ṣoṣo nínú kíláàsì.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Ìgbà kan wà tí káàdì pélébé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ da àárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà rú. Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ìjọba John Kennedy kó àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n wá máa kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, wọ́n wá ń parí rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Margery Michelmore wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 23 tó jáde ní Smith College. Ní oṣù Kẹwàá, ó kọ póòsìkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìdọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ wà. Ó ní ojú títì ni àwọn èèyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe gáá. Káàdì náà kò dé Amẹ́ríkà. Ó já bọ́ nínú ọgbà yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ pín káàkiri. Kíá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti péjọ, wọ́n ń pe àwọn Peace Corps ní amí, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọn kò fẹ́ bá wọn jẹun pọ̀ mọ́. Michelmore tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé. Kennedy fúnra rẹ̀ kọ̀wé láti fi í lọ́kàn balẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé wọ́n ń tajà lójú títì Ìbàdàn nígbà náà, wọ́n ṣì ń tà á. Irọ́ kọ́ ló bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú. Títì ni àlejò rí, kò tíì rí agboolé. Ó rí obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀tọ̀. Kò mọ̀ pé owó àkàrà yẹn lè wà lára ohun tó gbé akẹ́kọ̀ọ́ tó he káàdì náà dé yunifásítì. Èmi kò dá a lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló tíì lò? Wọ́n rán ọmọ níṣẹ́, wọn kò fà á lé ìyá ilé kankan lọ́wọ́ tó máa mú un kiri. Lónìí káàdì kì í já bọ́ mọ́, ojú gbogbo ayé ni wọ́n ń gbé e sí. Àgọ́ àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Durumi kò jìnnà sí Area 1. Bí ẹ bá ń wo Instagram, ẹ ó rí i bí àlejò ṣe ń gbé ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ sọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Fafunwa gba ọ̀nà kejì, ti ọmọ tiwa tó lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn. Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kàwé ní Bethune-Cookman ní Florida, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955. Ohun tó kó bọ̀ kì í ṣe ìdáhùn Amẹ́ríkà. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Owó Ford Foundation ni wọ́n ná sí i, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà, tiwa ni: bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, ṣé ọmọ náà á rẹ̀yìn? Kò rẹ̀yìn. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Fafunwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, Abuja ló sì kú sí ní oṣù Kẹwàá 2010. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà Tunji Alausa wọ́gi lé ìlànà náà níbi àpérò kan lórí èdè àti ẹ̀kọ́ tí British Council pè ní Abuja. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan bá wà nínú gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ náà tó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ó wù mí kí n mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ ìtàn Mọdákẹ́kẹ́ fún un rí.

Ẹ̀kọ́ tí Geneva kò ní pọ̀ níbí. Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí Bolaji Abdullahi jẹ́ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, jókòó dán olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 19,125 wò lórí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Àwọn tó dé ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ jẹ́ 75. Ẹ tún un kà. Ọdún yẹn ni ètò ESSPIN tí ìjọba Bìrìtìkó ń náwó sí bẹ̀rẹ̀ ní Kwara àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ó sì ń lọ títí di 2017. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi oṣù mẹ́ta jókòó ní Ìlọrin nígbà náà, tó ń wo bí olùkọ́ ṣe ń tún ìṣirò kọ́ lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́, ti rí iṣẹ́ yìí láti ìdí.

Nàìjíríà sì ní ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sókè òkun. Technical Aid Corps ni. Ọdún 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí Bolaji Akinyemi jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà ni wọ́n ń rán lọ fún ọdún méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karíbíà àti Pàsífíìkì: Gámbíà, Sàró, Jàmáíkà, títí dé Fíjì. Abuja ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìjọba Nàìjíríà ló ń fún wọn lówó lóṣooṣù, ìlú tó gbà wọ́n ló ń wá ilé fún wọn. Ẹ ò rí i? Ilé wà, oúnjẹ wà. Ìwà ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ nílé wa nìyẹn. Àbùkù tí mo rí ni pé ẹni tó ti mọṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń mú, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní àyè nínú ọkọ̀. Kí ló burú bí olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò tó ń lọ Banjul bá mú akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì kan dání fún oṣù mẹ́ta? Láti 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ìlú ara wọn láìsí físà fún 90 ọjọ́. Oṣù mẹ́ta gééré. Ó dà bíi pé ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ẹni tó bá sọ pé kò ṣeé ṣe, kó lọ sí Àjárá ní Badagry. Tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì wa ń lọ lo ọdún kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ní Lomé, ní Dakar, ní Faransé fúnra rẹ̀. Náírà já wálẹ̀ láti 1986, owó ọkọ̀ kò ká a mọ́. Ní 1991, ìjọba kọ́ Abúlé Èdè Faransé sí Àjárá, nítòsí ibodè Bẹ̀nẹ̀, wọ́n kó òkèèrè wá sílé. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é: ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ ló gbọ́ Faransé níbẹ̀.

Owó àwọn àlejò tí a gbójú lé ti ń gbẹ báyìí. Ní 20 oṣù Kìíní 2025, Donald Trump pàṣẹ kí owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún òkèèrè dúró. Nígbà tó fi di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, USAID kò sí mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún kan náà, Bìrìtìkó kéde pé òun máa gé owó ìrànwọ́ tòun láti ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà sí 0.3 kó tó di 2027. Ibi tí ọ̀gá bá ti ń pàdánù iṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún pé kó má wá lọ́la. Ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà tún sọ físà ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ kan owó. Òfin Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ni pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, tàbí ẹni tí kò tíì ju ọdún kan tó gboyè. Ọdún kan yẹn gan-an ni NYSC ń gbà lọ́wọ́ ọmọ wa. Bó bá máa bọ́ aṣọ kákí, ilẹ̀kùn ti tì. Èyí tó bá padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì, kí wọ́n lè tún kà á sí akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà wá láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ó ṣì wà lórí ìwé wọn. Láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ kó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn wà nílé fún oṣù mẹ́jọ, òun náà ń retí owó oṣù.